Orí Ni Wọ́n Wò, Àpò Ìtọ̀ Ló Sinmi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá rí àga kó fà á, ẹni tí kò rí kó jókòó sórí ẹní, ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹnikẹ́ni nínú yín, kó lọ, kó má tijú, a ó dúró dè é. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Mo ti jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti dìde láàárín ìwàásù, láàárín oúnjẹ, láàárín ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ṣì ń sọ lọ́wọ́, tí mo sáré jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Iṣẹ́ kíréènì ni mo ṣe jẹun ní èbúté Àpápá. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Creek Road kọjá rí á ti rí wọn lókèèrè, àwọn irin gíga tó na ọrùn sójú omi. Lókè ibẹ̀, yàrá kékeré kan wà tó jẹ́ gíláàsì yíká, inú rẹ̀ ni awakọ̀ kíréènì ń jókòó sí. Bí mo bá ti gun àkàbà débẹ̀, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró kí n tó sọ̀, torí pé bí kíréènì bá dúró, gbogbo àwọn tó ń já ẹrù nísàlẹ̀ ló dúró nìyẹn, ẹnu wọn kì í sì í dára. Láti òkè yẹn, n kì í rí inú ikùn ọkọ̀ tí mo ti ń gbé ẹrù. Ẹnì kan ló máa ń dúró létí ihò ọkọ̀, tí á máa fọwọ́ júwe fún mi. Bó bá yí ìka sókè, mo gbé e. Bó bá tẹ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́, mo dúró. Gòdwín ni orúkọ ẹni tó ń júwe fún mi, ọmọ Wàrì tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí Yorùbá rẹ̀ àti píjìn rẹ̀ jọ ń gbé inú gbólóhùn kan náà. Báàmi ló ń pè mí.

Àwọn àgbà tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ náà ní òfin kan. Ẹnikẹ́ni kì í gun kíréènì láì kọ́kọ́ tọ̀. Ó ń gbọ̀n ẹ́ o, kò gbọ̀n ẹ́ o, wàá lọ dúró sẹ́yìn sítọ́ọ̀, wàá fún ara ẹ gbẹ bí ẹni ń fún aṣọ. Bó o bá sì ti dé òkè, omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹ mọ́ títí wàá fi sọ̀. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bí mo sì ṣe fi kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Àìsàn náà kò wọlé bí àìsàn. Ìgbà tí wọ́n ti gbé èbúté fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni bí ọdún mélòó kan ni, tí tírélà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sójú títì ní Àpápá. Bí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní Ajégúnlẹ̀ láàárín àwọn tírélà yẹn, mo kàn rí i pé mo ń wá ẹ̀yìn táyà tí mo lè fara pamọ́ sí. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tó yá, ó di pé bí mo bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé mi báyìí, ìtọ̀ á gbá mi nínú bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn. Bí mo bá gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, mo ti sáré nìyẹn. Màá débẹ̀ tán, ohun tó máa jáde ò ju kí èèyàn fi rin ẹnu lọ.

Kí ni mo ṣe? Ohun tí wọ́n kọ́ mi náà ni mo ṣe. Mo dín omi kù. Mo tún ń tọ̀ ní ìgbà gbogbo tí mo bá ti rí ògiri, kó má báa gbá mi lójú ọ̀nà. Ọ̀fun mi gbẹ, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi tíì, ó ń ta mí, ó sì ń gbọ̀n mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún dín omi kù sí i.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Kọ̀nténà kan wà lójú afẹ́fẹ́, Gòdwín ń júwe pé kí n rọra sọ̀ ọ́, ni ìtọ̀ bá gbá mi. Ẹ̀yin tí kò ṣe rí, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé ó ń bọ̀, ó ti dé. Ọwọ́ mi yọ̀ lórí ọ̀pá ìdarí, kọ̀nténà náà sì jábọ́ sórí tírélà pẹ̀lú ariwo tó mú kí gbogbo èbúté wo òkè. Ọlọ́run yọ wá, kò bá ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ṣòkòtò mi ti rin gbingbin.

Mo jókòó sókè, n kò lè sọ̀. Gòdwín ló gun àkàbà wá. Ó wò mí lójú, ó wo ìsàlẹ̀, ó yí padà. Ìgbà tí mo máa fi sọ̀ tán, ó ti gbé korobá omi dúró nísàlẹ̀ àkàbà. Ó da gbogbo ẹ̀ lù mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Hápì bọ́ọ̀dè, Báàmi!"

Ẹ mọ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń da omi lu ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn yòókù kò béèrè nǹkan kan. Ẹni tó gbé gálọ́ọ̀nù gbé gálọ́ọ̀nù, ẹni tó gbé abọ́ gbé abọ́, wọ́n rẹ mí bí aṣọ ìfọ̀.

"Àgbàyà tó ń ṣe bọ́ọ̀dè lórí kíréènì!" ẹnì kan kígbe. "Abájọ tó fi fẹ́ fi kọ̀nténà pa wá!"

"Mínírà wa ńkọ́? Ọjọ́ ìbí gbígbẹ ò sí o!"

Mo ra mínírà fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Gòdwín, ó ní, "Báàmi, abeg, ẹ má dúpẹ́. Ẹ lọ rí dókítà. Next time, nǹkan yẹn lè bọ́ lé èèyàn lórí. Èmi ni mo máa ń dúró nísàlẹ̀ o."

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà pè mí lọ́jọ́ kejì. Kò bú mi. Ó ní kí n máa jókòó sí ẹnubodè fún ìgbà díẹ̀, bí dókítà kò bá wá jẹ́rìí pé ara mi tó gun òkè, ẹnubodè náà ni màá wà títí màá fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìtọ̀ lọ. Èmi tí gbogbo ọjọ́ ayé mi jẹ́ òkè, tí mo ń wo òkun láàárọ̀ kí oòrùn tó mú! Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí n padà sórí kíréènì yẹn, kó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni màá fi ẹsẹ̀ ara mi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pé.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo lọ. Ìlà ibẹ̀ gùn, bí mo bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú, ìtọ̀ á gbé mi, n ó sáré lọ, n ó padà wá bá ẹlòmíì níbi tí mo jókòó sí.

"Bàbá, ẹ ti kúrò lórí ìlà o," obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n sọ fún mi.

"Ìtọ̀ ló gbé mi lọ, ọmọ mi."

"Gbogbo wa la ní ìtọ̀ nínú, bàbá. A kàn ń mú un mọ́ra ni."

Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Bàbá kan tó mú ọ̀pá dání ló ṣàánú mi. Ó ní, "Ṣí fìlà ẹ, gbé e sórí àga. Bí fìlà bá wà níbẹ̀, ìwọ náà wà níbẹ̀." Fìlà mi ló bá mi tò dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n yẹ inú mi wò. Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe kòkòrò. Ẹran tó máa ń wú nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ àgbà ọkùnrin, ó wú díẹ̀, kò tó ohun tó lè dá wàhálà yìí sílẹ̀. Dókítà ní àpò ìtọ̀ mi ni kò ní sùúrù, pé kì í dúró kó kún kó tó máa pariwo. Ó fún mi lóògùn. Oògùn náà wọ́n, owó ẹja yìnyín tí ìyàwó mi ń tà ní ọjà Boundary ló ń gbé e. Ó dín eré mi kù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó gbẹ mí lẹ́nu bí ìyẹ̀fun, ojú mi sì ń ṣe bàìbàì. Ta ló máa gbé ojú bàìbàì gun kíréènì?

Ẹbí wá gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ràlíà, gbé àgbo wá nínú gálọ́ọ̀nù, ó ní kí n máa mu ife ńlá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyàwó mi, Ìyá Bùnmi, gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ará ilé kan mú omi àgbọn wá, òmíràn mú omi irun àgbàdo. Gbogbo ìwòsàn tí wọ́n ń gbé wá, omi ni! Mo ń mu ún, mo ń sáré. Ìyá Bùnmi ní, "Bàbá Bùnmi, ẹ gbàgbọ́." Mo ní, "Mo gbàgbọ́, Ìyá Bùnmi. Ẹ ṣáà má dí ọ̀nà ilé ìtọ̀."

Nígbà tí mo sọ fún dókítà pé n kò lè lo oògùn náà mọ́, ó darí mi sí obìnrin kan ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ìdárayá àti iná tọ́jú èèyàn. Dókítà Adéọlá ni a ń pè é. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń dán ọ̀nà tuntun kan wò. Fóòmù pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n ń rẹ sínú omi iyọ̀, wọ́n á fi rọ́bà dè é mọ́ orí, iná bátìrì tí kò lágbára á máa gba inú rẹ̀ kọjá sí ọpọlọ. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́, èèyàn ò ní sùn. Ó bi mí bóyá irin kan wà lórí mi, bóyá wárápá ti gbé mi rí. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn rẹ̀ fún: "Bàbá, n kò ṣèlérí. A ṣì ń kọ́ ọ ni. Ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn kan. Bó bá sú yín lójú ọ̀nà, ẹ lè dá a dúró, a ò ní bínú."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Àǹtí Ràlíà fò dìde.

"Ìsàlẹ̀ ló ń dùn ẹ́, òkè ni wọ́n fẹ́ wò?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Àǹtí mi."

"Sùúrù kí ni? Kí wọ́n máa fi iná sí ẹ lórí? Àbúrò mi, orí ẹ nìkan ló kù tí kò tíì bà jẹ́ lára ẹ o!"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo wá sọ ọ́ fún wọn bí Dókítà Adéọlá ṣe là á yé mi, mo kàn fi ti iṣẹ́ mi sí i. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ Gòdwín? Èmi kì í rí inú ọkọ̀. Bí Gòdwín bá ní kí n gbé e, mo gbé e. Tó bá wá di pé ẹrù kò tíì dè, Gòdwín ń yí ìka sókè, 'gbé e, gbé e!' ńkọ́? Àpò ìtọ̀ mi ni kíréènì. Ẹni tó ń júwe fún un, inú orí ló wà. Òun ló ń kánjú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ."

Àǹtí Ràlíà ronú sí i. Ó ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ na Gòdwín náà ni?"

"Rárá, wọ́n fẹ́ rọra fà á létí pé kó mú sùúrù ni."

"Hùn-ún. Èmi fúnra mi á tẹ̀ lé ẹ lọ. Bí mo bá rí èéfín, mo ń fà ẹ́ jáde."

Ó tẹ̀ lé mi lọ lóòótọ́. Ó jókòó tì mí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àpótí kékeré náà tí kò ju rédíò àpò lọ. Nígbà tí Dókítà Adéọlá tan án, ó yún mi lórí bí ìgbà tí èèrà ń rìn láàárín irun, lẹ́yìn náà ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Kò tó ìdajì wákàtí, wọ́n tú u. Àmì pupa díẹ̀ ló kù níwájú orí mi.

"Ó ti tán?" Àǹtí Ràlíà bi í. "Dókítà, ẹ dákun, ṣé orí ẹ̀ ò ní máa tan iná lálẹ́?"

"Bó bá tan iná, màmá, ẹ ó dín owó iná kù nílé," Dókítà Adéọlá dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Iná orí nìkan kọ́ o, ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Dókítà Adéọlá bi mí léèrè bí mo ṣe ń tọ̀ àti bí mo ṣe ń mu omi láti ìgbà èwe mi. Nígbà tí mo sọ òfin àwọn àgbà èbúté fún un, ó mi orí. Ó ní títọ̀ nígbà tí kò gbọ̀n èèyàn ló ń kọ́ àpò ìtọ̀ láti má lè gba nǹkan mọ́ra, àìmu omi ló sì ń jẹ́ kí ìtọ̀ le kó máa ta á. Ohun tí mo ń fi dá ara mi dúró gan-an ló ń gbé mi ṣubú. Ó ní kí n máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní bí ìtọ̀ bá gbá mi, kí n má sáré: kí n dúró gbọin, kí n fún ìsàlẹ̀ mi pọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí isó jáde láàárín èèyàn, kí n mí, kí n jẹ́ kó kọjá, kí n tó wá rọra rìn lọ.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ń yí lu ọ̀sẹ̀, n kò rí ìyàtọ̀. Omi tí mo tún ń mu wá jẹ́ kí n máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gòdwín wá kí mi ní ẹnubodè, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Báàmi, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa jókòó sí chair yín o." Mo délé, mo ní mi ò lọ mọ́. Ìyá Bùnmi, tó ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ pé kí n má lọ, òun náà ló wá ní kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti de fóòmù tútù mọ́rí báyìí, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó tú u."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Boundary, mo ń bá a di ẹja. Iná ti lọ, yìnyín inú ẹ̀rọ ti ń yọ́, omi rẹ̀ ń kán sínú báfù nísàlẹ̀: tó, tó, tó. Mo ta títùsì fún obìnrin kan, mo bá a ná kótè, ó bú mi, mo bú u padà, a rẹ́rìn-ín. Ìyá Bùnmi kàn ń wò mí.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Bàbá Bùnmi, báfù yẹn ti kún."

Mo wò ó. Ó ti kún dé ẹnu. Omi tí ń kán látàárọ̀, etí mi kò gbọ́ ọ. N kò dìde. Mo gbé ọwọ́ tó ń rùn ẹja bo ojú, mo sunkún níbẹ̀, kọ́sítọ́mà rò pé ẹja ló bà jẹ́.

Láti ibẹ̀ ló ti ń dẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà. Ó ń dára, ó ń padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún ń dára. Nígbà tí ìtọ́jú parí, dókítà ilé iṣẹ́ wa yẹ̀ mí wò, ó mú mi dúró pẹ́, ó ní kí n mu omi, ó tún mú mi dúró. Ó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí mo padà gun òkè, Gòdwín dúró sétí ihò ọkọ̀, kò tíì júwe ẹrù kankan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí Ọlọ́run. Mo fọn fèrè fún un. Mo ṣe iṣẹ́ náà dé ọjọ́ tó yẹ kí n fẹ̀yìn tì, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ó ń ṣe, ẹ má pa á mọ́ra bí mo ṣe pa á mọ́ra. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ yín wò, torí pé ṣúgà tàbí nǹkan mìíràn lè wà nídìí tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣègùn tó kọ́ ọ so wáyà mọ́ yín lórí nínú ṣọ́ọ̀bù. N kò sì lè búra pé ohun tó ran èmi lọ́wọ́ á ran yín lọ́wọ́. Dókítà Adéọlá pàápàá kò búra. Èmi ṣì ń jí lóru nígbà mìíràn, ìtọ̀ ṣì ń fẹ́ tàn mí jẹ bí mo bá mu kọfí. Màá dúró gbọin, á kọjá, n ó máa bá tèmi lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ ti wá parí, báyìí ni a ṣe pín ogún rẹ̀. Rọ́bà tí a tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wa, ọmọ Bùnmi ló jogún ẹ̀, ó ń tọ̀ sí i bó ṣe wù ú. Àwọn ṣòkòtò dúdú tí mo kó jọ kí omi má báa hàn, ọkọ Bùnmi tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kó wọn, kò sì béèrè ìdí. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, díákónì kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ létí, yóò lọ rí dókítà. Ìyá Bùnmi jogún oorun. Àǹtí Ràlíà jogún ìtàn náà, bó sì ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, òun ló tan iná ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Gòdwín ló jogún kíréènì. Ilé iṣẹ́ ti rán an lọ kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo fà á lé e lọ́wọ́, mo fún un ní ike omi kan pé kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lókè, ó sì fẹ́ yà sẹ́yìn sítọ́ọ̀ kó tó gun àkàbà. Mo ní, "Ṣé ó ń gbọ̀n ẹ́?" Ó ní rárá. Mo ní, "Gun òkè lọ. Kó o sì mu omi yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Báàmi, gbogbo ọdún tí ẹ lò níbí, na only this one ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún mi?"

Mo ní, "Òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fi sílẹ̀ fún èmi."